Ibo ni háídírójìn ń gbé nínú irin rare earth?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe háídíráìdì yttrium ní láàbù wa, mo gbé e sínú ẹ̀rọ X-ray, àmọ́ ìlà tí mo rí jẹ́ oríṣi méjì, àwọn kan bá cubic mu, àwọn kan bá hexagonal mu. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe ti lanthanum, cubic nìkan ló ń rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé yttrium tèmi ti bàjẹ́ ni? Kí ló dé tí àwọn irin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ò ṣe bákan náà? Àti pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí háídírójìn jókòó sí gan-an nígbà tí X-ray ò rí i?"

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, kò jọ pé nǹkan kan bàjẹ́, ohun tó yẹ kí yttrium ṣe ló ń ṣe yẹn. Mo máa dé orí àwọn ìlà X-ray rẹ tó bá yá torí ọ̀fìn méjì kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí o jìn sí, àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yàrá, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ háídíráìdì rare earth (ìyẹn scandium, yttrium, àti lanthanum títí dé lutetium, nígbà tí wọ́n bá ti mu háídírójìn), ọ̀rọ̀ yàrá ni. Tí o bá ti mọ yàrá tó wà nínú irin, bó ṣe fẹ̀ tó, àti ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, o ò ní há tábìlì kankan sórí mọ́.

Gbé háídírójìn kúrò lọ́kàn ná. Ka átọ́ọ̀mù irin sí bọ́ọ̀lù tó dọ́gba, wọ́n tò wọ́n pẹrẹsẹ, wọ́n fara kanra, wọ́n wá to ìpele kejì lé e lórí, ti òkè á jókòó sínú kòtò tó wà láàárín àwọn ti ìsàlẹ̀. Ìpele kẹta ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ó lè jókòó sí ọ̀gangan orí àwọn ti ìpele àkọ́kọ́, kó wá di A-B-A-B, ìyẹn ni hexagonal, tàbí kó bọ́ sínú kòtò tó ṣẹ́kù kó di A-B-C, ìyẹn ni cubic. Yttrium àti scandium, àti gadolinium títí dé lutetium (yọ ytterbium kúrò nínú wọn), A-B-A-B ni wọ́n tò sí tí wọ́n bá dá wà. Lanthanum máa ń po méjèèjì pọ̀, A-B-A-C.

Bó ti wù kí wọ́n tò ó, àlàfo tó kù láàárín àwọn bọ́ọ̀lù yẹn, oríṣi méjì náà ni. Kékeré kan wà tí bọ́ọ̀lù mẹ́rin yí ká, òun ni tetrahedral, ńlá kan wà tí bọ́ọ̀lù mẹ́fà yí ká, òun ni octahedral. Jókòó kà wọ́n, wàá rí i pé fún irin ẹyọ kan, yàrá kékeré méjì ló wà àti yàrá ńlá kan. Ibẹ̀ ni RH2 àti RH3 ti wá (R ni mo fi dúró fún irin rare earth èyíkéyìí), kì í ṣe idán, iye yàrá ni.

Ó dáa, ta ló máa kọ́kọ́ kún? Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé yàrá ńlá ni, torí pé ó gbayè, àmọ́ kékeré ló ń kọ́kọ́ kún. Ìdí ni pé inú irin báwọ̀nyí, háídírójìn ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń di nẹ́gátíìfù, irin ń di pọ́sítíìfù, kálukú wọn wá fẹ́ sún mọ́ ẹnì kejì. Nínú YH2, ẹni tó wà ní yàrá kékeré fi 2.25 Å (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà) jìnnà sí irin, ẹni tó bá wà ní àárín gbùngbùn yàrá ńlá á fi 2.60 Å jìnnà. Yàrá kékeré ló lọ́ yáyá fún un.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló kàn, mi ò sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń sáré kọjá níbẹ̀. Nígbà tí háídírójìn ò tíì pọ̀, irin yttrium ṣì wà ní A-B-A-B, háídírójìn kàn ń wọ yàrá kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nínú ìtò A-B-A-B, yàrá kékeré máa ń wà ní méjì-méjì tí wọ́n jọ pín ògiri kan, àárín yàrá kan sí àárín ìkejì ò ju ìdá mẹ́rin gíga àpótí lọ (àpótí ni ègé kékeré tí ìtò náà ń tún ṣe léraléra). Nínú yttrium, gíga yẹn, ìyẹn c, jẹ́ 5.73 Å, pín in sí mẹ́rin, ó kù 1.43 Å. Háídírójìn méjì ò lè fara pamọ́ síbi tó sún mọ́ra tó báyẹn, tí ọ̀kan bá ti wọlé, ìkejì ò gbọdọ̀ wọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, tó bá dìgbà tí háídírójìn ń pọ̀ sí i tí gbogbo yàrá kékeré ní láti kún, irin ò ní ọ̀nà míì ju kó tún ara rẹ̀ tò lọ, àwọn ìpele á yọ̀ kúrò ní A-B-A-B bọ́ sí A-B-C, torí pé nínú cubic àwọn yàrá kékeré ò pín ògiri mọ́, etí lásán ni wọ́n jọ pín, ọ̀kan sí ìkejì á wá di ìdajì àpótí, 2.60 Å nínú YH2. Ìdí nìyẹn tí yttrium tó jẹ́ hexagonal fi di cubic nígbà tó mu háídírójìn. Ilé ló yí kí àlejò lè ríbi sùn.

Ìtò tó jáde yìí náà ni wọ́n ń pè ní fluorite, òun kan náà ló wà nínú CaF2. Tí o bá gbé àpótí kan kalẹ̀, irin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, háídírójìn mẹ́jọ ló wà ní yàrá kékeré mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, yàrá ńlá mẹ́rin ṣófo. Gbogbo rare earth tó bá ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀ ló ń ṣe RH2 bẹ́ẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni bí àpótí ṣe tóbi tó. Ti LaH2 jẹ́ 5.66 Å ní ẹ̀gbẹ́ kan, CeH2 5.58, PrH2 5.52, NdH2 5.47, SmH2 5.36, GdH2 5.30, DyH2 àti YH2 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní 5.20, ErH2 5.12, LuH2 5.03, ScH2 4.78. Bí o ṣe ń rìn láti La (lanthanum) lọ sí Lu (lutetium), átọ́ọ̀mù ń sún kì, yàrá ń há, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ wa pé lanthanide contraction náà ni. Yttrium ò sí lórí ìlà yẹn rárá àmọ́ bó ṣe tóbi tó bá dysprosium mu, òun ló fà á tí ìwà rẹ̀ fi jọ tiwọn.

Wàyí o, mú bírò. Àárín yàrá kékeré sí àárín yàrá ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0.433 nígbà ẹ̀gbẹ́ àpótí (gbòǹgbò onílọ́po méjì 3, pín in sí mẹ́rin). Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí, 0.433, mo máa ń sọ fún àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Fi ṣe La: 0.433 nígbà 5.66, ó jẹ́ 2.45 Å. Pr, 2.39. Nd, 2.37. Sm, 2.32. Y, 2.25. Lu, 2.18. Sc, 2.07. Ìyẹn ni bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ńlá ṣe máa sún mọ́ àwọn mẹ́jọ tó ti wà ní yàrá kékeré tó yí i ká. Òfin kan wà tí wọ́n ń pe orúkọ Switendick mọ́, tó ní háídírójìn méjì inú irin kì í fẹ́ sún mọ́ra ju bíi 2.1 Å lọ. Wá wo ìtò nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Scandium ti bọ́ sábẹ́ 2.1, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ní ipò tí kò le, ScH2 ló máa ń dúró lé, ó dìgbà tí o bá fi pírẹ́ṣọ̀ ńlá tì í kó tó gba ẹ̀kẹta. Lanthanum ní àyè dáadáa, 2.45, ẹ̀kẹta á kàn rọra wọlé láìyí ilé padà, bó ṣe ń wọlé títí yàrá ńlá fi kún nìyẹn, LaH2 di LaH3, cubic látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń rí nìyẹn. Cerium àti praseodymium náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Neodymium wà lórí ààlà gan-an, inú ọ̀pọ̀ ìwé wọ́n tò ó mọ́ àwọn ti lanthanum, àmọ́ wọ́n ti ṣe NdH3 tó jẹ́ hexagonal náà rí, kò sì yà mí lẹ́nu torí pé láti Sm lọ, hexagonal ni gbogbo wọn ń yà sí tí wọ́n bá ń lọ sí RH3.

Kí n tó kúrò lórí lanthanum, wo nǹkan yìí. Bí o ṣe ń fi háídírójìn kún LaH2, wàá rò pé á máa wú, àmọ́ àpótí rẹ̀ ń kéré sí i ni, láti 5.66 ó bọ́ sí 5.60 Å nínú LaH3. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí mo rò pé èmi ni mo ṣì í. Kò sí àṣìṣe, àwọn tó wọ yàrá ńlá gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kù lọ́wọ́ irin, ìfà tó wà láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù wá le sí i, gbogbo ilé fún mọ́ra. Tí o bá sì ṣírò iye háídírójìn tó wà nínú ẹ̀, LaH3 kó bíi 6.8 × 10^22 sínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, háídírójìn tí wọ́n fi òtútù sọ di olómi ò ju 4.2 × 10^22 lọ. Irin yìí ń kó háídírójìn mọ́ra ju háídírójìn fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí yttrium tìrẹ. 2.25 Å kò tíì dé abẹ́ 2.1, nítorí náà kò lè jẹ́ pé òfin yẹn nìkan ló lé e jáde, o lè rí ìwé tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ àmọ́ má gbà á tán. Ọ̀rọ̀ náà ni pé àyè ti há, ọ̀nà míì sì wà tó dẹrùn ju kí wọ́n máa fún ara wọn mọ́ra lọ. YH2 gba díẹ̀ sí yàrá ńlá, títí ó fi dé bíi YH2.1, ó wá dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá tún wọlé, ṣe ló ń sọ apá kan kírísítà di nǹkan tuntun tó ti ní 2.7 tàbí 2.8 háídírójìn fún irin kan, apá tó kù ṣì wà ní YH2.1. Bí o bá ń fi gáàsì kún un, nǹkan tuntun yẹn á máa pọ̀ sí i, ti àtijọ́ á máa dín kù, àmọ́ kò sí ẹni tó wà láàárín. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró sí YH2.4, bí àpẹẹrẹ, cubic àti hexagonal ló máa rí pọ̀ nínú ẹ̀rọ X-ray kan náà. O ti rí i báyìí. Ó jọ pé o kàn dá gáàsì dúró kó tó dé òpin ni.

Nǹkan tuntun yẹn wá ńkọ́? Àwọn ìpele irin tún padà sí A-B-A-B. Mo mọ̀ pé wàá béèrè pé ṣebí mo ní háídírójìn ò lè gbé yàrá kékeré méjì tó pín ògiri. Òótọ́ ni, torí náà kò sí ẹni tó dúró sí àárín yàrá rẹ̀ mọ́ nínú YH3. Àwọn ti yàrá kékeré sún kúrò lára ògiri tí wọ́n jọ pín, kálukú fà sẹ́yìn. Àwọn ti yàrá ńlá fi àárín yàrá sílẹ̀, wọ́n gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìpele irin fúnra rẹ̀, nínú mẹ́ta ọ̀kan wọ inú ìpele irin gan-an, àwọn méjì tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Torí pé wọn ò sún bákan náà, àpótí tó máa tún ara rẹ̀ ṣe ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó fi gbòǹgbò 3 gùn sí ẹ̀gbẹ́, irin mẹ́fà àti háídírójìn 18 ló wà nínú rẹ̀. Holmium ni wọ́n kọ́kọ́ fi rí ìtò yìí dáadáa, Mansmann àti Wallace, ní 1964, ìyẹn ló fi jẹ́ pé gbogbo èèyàn ń pè é ní HoD3 títí dòní, kódà tó bá jẹ́ yttrium lo ń ṣe.

Mo fẹ́ kí o fi ojú ara rẹ rí bó ṣe wú. Nínú YH2, irin kan sí ìkejì lórí ìpele kan náà jẹ́ 3.68 Å. Nínú YH3, 3.67. Kò yí padà! Àmọ́ ìpele kan sí ìpele tó wà lórí rẹ̀, 3.00 Å ni nínú YH2, ó di 3.33 nínú YH3. Gbogbo wíwú yẹn, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá, òkè nìkan ló lọ, bí ẹni tó fa káńtà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù sókè láì fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ègé irin tó dán tí o gbé sínú túùbù, tí o bá padà dé ó lè ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, wíwú yìí ló fọ́ ọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ lórí gíláàsì, tí àwọn ìpele rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí gíláàsì yẹn, ṣe ló kàn máa nípọn sí i, kò ní ya.

Fíìmù yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde síta láàbù. Ní 1996, Huiberts, Griessen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Vrije Universiteit ní Amsterdam fi palladium fẹ́ẹ́rẹ́ bo fíìmù yttrium àti lanthanum, wọ́n tú háídírójìn sí i, dígí tó ń dán gbinrin di ohun tí o lè rí òdìkejì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n fa gáàsì kúrò, díẹ̀ nínú háídírójìn jáde, ó padà di dígí. YH2 ń dán torí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan fún irin kan ṣì wà lómìnira. Háídírójìn ẹ̀kẹta ló wá gba ìyẹn náà lọ, kò sí ẹni tó ń rìn kiri mọ́, iná ò kọjá, ìmọ́lẹ̀ kọjá, YH3 wá di àwọ̀ yẹ́lò tó mọ́ gaara. Kíyè sí i pé lanthanum náà ń ṣe é, tòun ò sì yí ìtò padà rárá. Nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé hexagonal ló ń sọ ọ́ di gíláàsì, háídírójìn ẹ̀kẹta ni.

Europium àti ytterbium, mi ò ní pẹ́ lórí tiwọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n fẹ́ràn láti fi sílẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta, torí náà ìwà calcium àti strontium ni wọ́n ń hù, EuH2 àti YbH2 tò bíi CaH2, orthorhombic, háídírójìn mẹ́sàn-án yí irin kan ká. Ytterbium ṣì lè kọjá 2 tí o bá fi háídírójìn tó ní pírẹ́ṣọ̀ gíga tì í, ó á wá di cubic, europium ò dá a láṣà ní irú pírẹ́ṣọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè rẹ kẹta wá, báwo la ṣe mọ̀. Òótọ́ lo sọ, X-ray ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń rí, yttrium ní 39, háídírójìn ní ẹyọ kan. Ohun tí X-ray ń sọ fún ọ ni ibi tí irin wà. Níútírọ́ọ̀nù ni a fi ń wá háídírójìn, torí pé òun kì í wo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kókó inú átọ́ọ̀mù ló ń bá pàdé, níbẹ̀ átọ́ọ̀mù kékeré lè ṣe bẹbẹ bíi ti ńlá. Agbára tí yttrium fi ń tú u ká jẹ́ 7.75 fm (ẹyọ ìwọ̀n gígùn tó kéré gan-an), ti háídírójìn tó wúwo, ìyẹn diutẹ́ríọ̀mù, jẹ́ 6.67, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn dọ́gba. Ti háídírójìn lásán jẹ́ 3.74 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú, èyí náà kò burú, àmọ́ ó ní àléébù kan, ó ń tú níútírọ́ọ̀nù ká lọ́nà rúdurùdu tó pọ̀ gan-an, bíi 80 barn (ẹyọ tí a fi ń wọn bí kókó átọ́ọ̀mù ṣe ń tú níútírọ́ọ̀nù ká tó), ti diutẹ́ríọ̀mù ò ju 2 lọ. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ mo gbé háídírójìn lásán lọ torí pé òun ló wà nílẹ̀, ọjọ́ méjì tí wọ́n fún mi lórí ẹ̀rọ ni mo lò, ohun tí mo gbé padà wálé jẹ́ òkè gbọọrọ kan tí àwọn ìlà kéékèèké kan yọ orí díẹ̀ lára rẹ̀. Diutẹ́ríọ̀mù ni kí o lò, ìdí nìyẹn tí D fi wà nínú HoD3. Mọ̀ pẹ̀lú pé gbogbo irin kọ́ ló ṣeé gbé lọ, gadolinium, samarium àti europium ń gbé níútírọ́ọ̀nù mì débi pé nǹkan kékeré ló máa jáde ní òdìkejì, a máa ń wá isotope pàtàkì fún wọn. Holmium kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀.

O ò béèrè ọ̀rọ̀ pírẹ́ṣọ̀ àmọ́ mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn rẹ máa lọ torí pé òun ni gbogbo èèyàn ń sọ. Tí o bá fún YH3 láàárín dáyámọ́ńdì méjì, ó ń padà di cubic, torí pé fífún máa ń fẹ́ ìtò tó bá kó nǹkan mọ́ra jù. Tí o bá wá fún lanthanum pẹ̀lú háídírójìn tó pọ̀ dé 170 GPa, ìyẹn lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ìgbà pírẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí, LaH10 ló ń jáde. Níbẹ̀ ọ̀rọ̀ yàrá ti dojú dé, háídírójìn ni ògiri, 32 nínú wọn ló so pọ̀ di àgò yí lanthanum kan ká, irin ló wá di àlejò. Ní 2019 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó ń gbé iná láìsí ìdíwọ́ kankan ní 250 K, ìyẹn òtútù bíi 23 sísàlẹ̀ òdo. Èyí dúró, ọwọ́ tó ju ẹyọ kan lọ ló ti rí i. Èyí tí kò dúró ni ti lutetium tí wọ́n ní àwọn fi náítírójìn díẹ̀ sí, tó jáde nínú Nature ní March 2023 pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ooru inú ilé lásán, ní pírẹ́ṣọ̀ kékeré, November ọdún yẹn ni wọ́n fà á padà. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń tọ́ka sí àwọ̀ rẹ̀ tó ń yí láti búlúù sí pínkì sí pupa bíi àmì ìyanu, bẹ́ẹ̀ LuH2 lásán, fluorite tí a ti ń sọ látàárọ̀ yìí, ń yí àwọ̀ bẹ́ẹ̀ náà tí wọ́n bá fún un. Ẹni tó bá mọ RH2 dáadáa, á ti fura.

Ó kù ìlà rẹ. Mo rò pé X-ray tó ń jáde lára kópà lẹ̀ ń lò nínú ẹ̀rọ yẹn, bí gbogbo èèyàn. Ìlà tó ga jù fún YH2 wà ní bíi 29.7 dígírì (igun tí X-ray fi yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀). Ti YH3, mẹ́ta ló wà ní ìtòsí rẹ̀, 26.8, 28.0 àti 31.1, nítorí náà ti cubic á dúró láàárín wọn gbagidi. Ọ̀fìn àkọ́kọ́ rèé: irin yttrium tí kò tíì mu háídírójìn rárá ní ìlà ní 28.2 àti 31.2, wọ́n sún mọ́ méjì nínú ti YH3 débi pé ẹ̀rọ tí kò múná lè pa wọ́n pọ̀. Má wo méjì yẹn. Wo 26.8, YH3 nìkan ló ní in, lẹ́yìn náà wo 32.3, irin lásán nìkan ló ní in. Tí 26.8 bá wà tí 32.3 ò sì sí, hexagonal tí o rí, YH3 ni. Tó bá jẹ́ 32.3 ló wà, háídírójìn rẹ ò tíì tó láti sọ gbogbo irin di YH2, á jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lo wà, kì í ṣe òkè.

Ọ̀fìn kejì ló ń mú àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá. Y2O3, ìpata yttrium, ìtò rẹ̀ jẹ́ ọmọ fluorite, ìdá kan nínú mẹ́rin ọ́síjìn ló kàn ṣófo níbẹ̀, torí náà àwọn ìlà rẹ̀ tó ga jọ ti YH2 bí ìbejì, àfi pé gbogbo wọn sún sísàlẹ̀ díẹ̀, 29.2 dípò 29.7, 33.8 dípò 34.4. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò bá gún régé, tí páúdà rẹ̀ gòkè díẹ̀ lórí àwo, á ka ìpata sí háídíráìdì. Fi lẹ́búlẹ́bú sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ pò ó kí o tó wọ̀n ọ́n, ìlà sílíkọ́ọ̀nù wà ní 28.44, òun ni kí o fi tún àwọn tó kù ṣe. Inú àpótí aláàgọ́ọ̀nù ni kí o ti pò ó o, má gbé e síta, ti yttrium ṣì lè farabalẹ̀ díẹ̀ àmọ́ ti lanthanum tí ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá kàn án.

Tí o bá ti ṣe èyí, tú gáàsì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ kó mu títí tí gáàsì ò fi wọlẹ̀ mọ́, kí o wá tún un wò. Ìlà 29.7 yẹ kó ti lọ, kó ku 26.8 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ tí kò mira, tó sì jẹ́ 29.2 lẹ́yìn tí sílíkọ́ọ̀nù ti tún un ṣe, ìpata ni, kọ̀wé sí mi padà ká wo bí o ṣe ń fọ irin rẹ kí o tó gbé e wọ túùbù.